Láti Pápákọ̀ dé Pápákọ̀: Bí Ọ̀nà Òfurufú Ṣe Jìn Tó àti Iye Wákàtí Tí Ó Ń Gbà Wá

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú ìpàdé regbéregbé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ fi iṣẹ́ àti ọjà sílẹ̀ lọ́sàn-án òní, mo kí yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú àpéjọ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìjẹ̀bú ọmọ alágẹmọ, mo kí yín. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ tí ẹ ti Ìlíṣàn, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù wá bá wa péjọ, ẹ káàbọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aṣáájú regbéregbé yìí tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ mi, èyí ni títa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú àti bíbá àwọn ènìyàn ṣètò ìrìn àjò wọn.

Nínú gbọ̀ngàn yìí, ta ni kò ní ọmọ, tàbí àbúrò, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun? Ta ni kò tíì lọ pàdé èrò rí ní pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà? Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wa máa ń béèrè: “Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn tó? Wákàtí mélòó ni bàálù fi ń débẹ̀?” Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè tẹ orúkọ pápákọ̀ méjì sí i, fóònù yóò sì sọ iye kìlómítà àti iye wákàtí fún un lójú ẹsẹ̀. Iye náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ mi pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbára lé tí bàálù fi ń fi wọ́n sílẹ̀, òun náà ni ó ń mú kí àgbàlagbà jókòó lé àpótí rẹ̀ ní ìlú àjèjì láìrí ọmọ tí ó yẹ kí ó wá pàdé rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé bí ọ̀nà ṣe jìn tó jẹ́ ọ̀tọ̀, wákàtí tí bàálù ń lò jẹ́ ọ̀tọ̀, wákàtí tí ènìyàn ń lò láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ń lọ sì tún jẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá. A mọ owó kà ní Ìjẹ̀bú. Mo fẹ́ kí a mọ wákàtí kà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Mo mú ọsàn kan àti òwú dúdú kan dání wá. Ẹ wò ó. Mo ti fi bírò sàmì sí ibi méjì lára ọsàn yìí. Tí mo bá fi òwú náà kan àmì kìíní, tí mo nà án dé èkejì, tí mo sì fà á le, òwú náà yóò yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì dúró síbi tí kò lè kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú lè rí i pé kò gba ibi tí ojú kọ́kọ́ rò pé yóò gbà. Bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀nà òfurufú nìyẹn. Ilé ayé rí roboto bí ọsàn yìí, kìlómítà tí fóònù ń sọ fún wa sì ni gígùn òwú tí a fà le láàárín pápákọ̀ méjì. Máàpù tí a tẹ́ pẹrẹsẹ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń tan ojú wa jẹ. Ìdí nìyí tí bàálù tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù ń lọ sí Los Angeles fi máa ń gba òkè lọ sí apá Greenland, tí èrò á wo fèrèsé, tí yóò rí yìnyín, tí yóò sì máa rò pé awakọ̀ ti ṣìnà. Awakọ̀ kò ṣìnà o. Òwú ló ń tẹ̀ lé.

Ọ̀nà kan wà tí ènìyàn lè fi ṣírò ti Lọ́ńdọ̀nù láìlo fóònù rárá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn onímọ̀ pín àyíká ayé sí ọ̀nà 360, wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dìgírì. Láti agbedeméjì ayé lọ sí àríwá, Èkó wà ní dìgírì 6 àti ààbọ̀, Lọ́ńdọ̀nù wà ní dìgírì 51 àti ààbọ̀. Ẹ yọ ti Èkó kúrò nínú ti Lọ́ńdọ̀nù, ó ku 45. Dìgírì kọ̀ọ̀kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ 60 máìlì ojú òkun, èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú náà ń lò. Ìlọ́po 45 lọ́nà 60 jẹ́ 2,700. Máìlì ojú òkun kan sì jẹ́ kìlómítà 1.852, tí a bá sọ 2,700 di kìlómítà, 5,000 ni yóò fún wa. Ẹ lọ wo fóònù yín, nǹkan bí 5,000 náà ni yóò sọ. Ó rọrùn báyìí nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù dojú kọ Èkó láti àríwá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yà sí ọ̀tún tàbí òsì. Èmi rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa lè ṣe ìṣirò yìí lórí ìka.

Mo dárúkọ máìlì ojú òkun nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní iwájú mi nínú ọ́fíìsì. Ọmọ ìyá méjì kan wá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n ní 5,000 ni láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò ní 3,100 ni, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà. Ẹ̀gbọ́n ń ka kìlómítà, àbúrò ń ka máìlì ojú ilẹ̀, tí awakọ̀ bá sì dá sí i, 2,700 ni òun náà ì bá sọ. Òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ máa wo lẹ́tà kékeré tí ó wà lẹ́yìn iye náà kí ẹ tó bá ènìyàn jiyàn.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó jùyẹn lọ. Láti pápákọ̀ dé pápákọ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka láti ìlú dé ìlú. Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe pápákọ̀ kan. Heathrow wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, Gatwick wà ní gúúsù rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó tó kìlómítà 45 sí àárín ìlú. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024, Gatwick ni wọ́n ń balẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ Heathrow ni ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa láti ayébáyé. Bàbá kan ní àdúgbò wa sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé, “Èmi ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀ ọ̀la o,” ó sì pa fóònù. Ọmọ lọ dúró sí Heathrow, bàbá jókòó sí Gatwick nínú òtútù. Kò sí ẹni tí ó ṣe ọ̀kankan nínú wọn ní ibi. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó dúró fún pápákọ̀ wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà gedegbe, LGW, kò sí ẹni tí ó kà á fún ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tí ń rìnrìn àjò, ẹ má béèrè orúkọ ìlú lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí yín.

Mo wá dé orí wákàtí tí bàálù fúnra rẹ̀ ń lò.

Bàálù ńlá tí ń kó èrò máa ń sáré tó kìlómítà 850 sí 900 ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti dé òkè pátápátá, níbi tí ó ga tó kìlómítà 10 sí 12. Láti Èkó dé Àbújá lójú òfurufú jẹ́ nǹkan bí 510 kìlómítà. Ẹni tí ó bá fi 850 pín 510 yóò rí i pé kò pé ìṣẹ́jú 40. Kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ń sọ wákàtí kan ó lé díẹ̀? Ó dé nítorí pé aago tíkẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìgbà tí bàálù ti kúrò níbi tí ó gúnlẹ̀ sí. Yóò rọra yí lórí ilẹ̀, yóò tò sẹ́yìn àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, yóò gbéra, yóò sì lo bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó gòkè dé ibi tí ó ti lè sáré bó ṣe wù ú. Bí ó bá tún ku bí ìdajì wákàtí kí ó balẹ̀, yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀, yóò máa dín eré kù, yóò bá àwọn mìíràn tò, yóò sì tún yí lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo ìfàsẹ́yìn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà, yálà Àbújá ni a ń lọ tàbí ìpẹ̀kun ayé.

Nítorí náà, ìlànà tí mo ń lò rèé, ẹ sì lè kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ fi 850 pín kìlómítà, kí ẹ fi ìdajì wákàtí lé e. Èkó sí Àbújá, ìṣẹ́jú 36 àti 30, ó jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 6. Èkó sí Accra, nǹkan bí 400 kìlómítà, kò ní í pé wákàtí kan tán. Èkó sí Jẹ́dà, nǹkan bí 4,200 kìlómítà, wákàtí 5 ó lé ìṣẹ́jú 26. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, 5,000 kìlómítà, wákàtí 6 ó lé ìṣẹ́jú 23. Ṣé ẹ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn ju Àbújá lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, síbẹ̀ wákàtí rẹ̀ kò tó ìlọ́po mẹ́fà. Bí ọ̀nà bá ṣe ń kúrú sí i ni àkókò tí kìlómítà kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣe ń pọ̀ sí i. Bàálù kékeré tí ń lo abẹ̀bẹ̀ níwájú ìyẹ́ kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń sáré bíi 500 ní wákàtí, ẹ má fi 850 pín tirẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú wákàtí tí wọ́n ń kọ síta, kí ìdádúró kékeré má baà sọ wọ́n di apẹ́lẹ́yìn. Òun ni ó fi jẹ́ pé nígbà mìíràn a máa ń gúnlẹ̀ ṣáájú àkókò.

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ìṣirò tí mo fún yín yìí dára, ṣùgbọ́n ohun méjì wà lókè tí ó lè mì í. Èkíní ni afẹ́fẹ́.

Ní apá ayé tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wà, afẹ́fẹ́ líle kan ń ṣàn lókè níbi tí bàálù ń gbà, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ó sì lè yára ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ń lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, afẹ́fẹ́ yóò tì í. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, yóò jìjàkadì. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì kan tí wọ́n pè ní Ciara ń jà lórí òkun Àtìláńtíìkì, bàálù British Airways kan fò láti New York dé Heathrow ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56. Ọ̀nà yẹn lé ní 5,500 kìlómítà. Tí a bá fi ìlànà wa ṣírò rẹ̀, wákàtí 7 ni. Kò sí ohun tí awakọ̀ náà ṣe ju pé ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí ó ń lọ síbi tí òun náà ń lọ. Èkó sí New York jẹ́ nǹkan bí 8,400 kìlómítà, ìlànà wa sì fún un ní wákàtí 10 àti bíi ìṣẹ́jú 25. Ní lílọ, ó sábà máa ń lé ní wákàtí 10 àti ààbọ̀ dáadáa. Ní bíbọ̀, ó máa ń dín. Ọ̀nà kò gùn sí i, kò sì kúrú sí i. Ti Lọ́ńdọ̀nù kì í yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń kọ lù wá ní ọ̀nà yẹn.

Èkejì ni ilẹ̀ tí a ń gba orí rẹ̀ kọjá. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ni òfurufú tí ó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀, ó sì lè ní kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀. Tí ẹ bá fa òwú láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, yóò gba òkè Benin, yóò kan ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Niger, yóò la Mali àti aṣálẹ̀ Algeria kọjá, yóò kọjá òkun sí Spain àti Faransé. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti òfurufú wọn pa ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Ní gbogbo àkókò yẹn, bàálù tí ó yẹ kí ó gba ibẹ̀ ní láti yí po, epo sì ń jó, wákàtí sì ń lé.

Ti Jẹ́dà ni ó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn jù ní ìlú wa. Alhaja kan tí ó ti lọ sí Mẹ́kà nígbà kan rí tún lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó sì wá bi mí pé kí ló dé tí àwọn fi pẹ́ lókè ju tàkọ́kọ́ lọ, ṣé bàálù náà ti gbó ni. Mo mú máàpù, mo fi ìka fa ọ̀nà náà hàn án: ó gba òkè Chad, ó sì la Sudan já kí ó tó kọjá Òkun Pupa. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023, láti ìgbà náà ni òfurufú Sudan ti di ibi tí àwọn bàálù ń yàgò fún. Alhaja wo máàpù náà títí, ó ní, “Ogun ẹlòmíràn ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wú yẹn?” Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò bá ṣe tààrà máa ń gba àsìkò lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ aago, nítorí pé òun ni ó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú jù lọ.

Aago tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ni aago ìlú tí bàálù wà. Ti ìgbéra jẹ́ aago ibi tí a ti gbéra, ti ìbalẹ̀ jẹ́ aago ibi tí a ń lọ. Oníṣòwò kan tí ó ń lọ ra ọjà ní Accra mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà wá bá mi pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ní lílọ, yóò gbéra ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, yóò sì balẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ní bíbọ̀, yóò gbéra ní aago méjìlá ọ̀sán, yóò balẹ̀ ní aago méjì. Ó ní, “Ṣé àlùjọ̀nnú ló ń gbé mi lọ ni, tí ìjàpá wá ń gbé mi bọ̀?” Wákàtí kan ni lílọ, wákàtí kan ni bíbọ̀. Aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa ni. Ní lílọ, ó gbà á padà fún un, ní bíbọ̀, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́dà fi wákàtí méjì ṣáájú wa. New York wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú wákàtí márùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, mẹ́fà nígbà òtútù. Lọ́ńdọ̀nù máa ń yí aago rẹ̀ padà ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta àti ti oṣù kẹwàá: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago kan náà ni àwa àti wọn ń lò, nígbà òtútù, wọ́n wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú wákàtí kan. Nàìjíríà kì í yí aago tirẹ̀ padà, nítorí náà tiwọn ni kí a máa ṣọ́.

Èyí tí ó wá léwu jù ni ti ọ̀gànjọ́ òru, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fetí sí i. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ 00:30 ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni ènìyàn ní láti kúrò nílé. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí Ọjọ́bọ̀ bá parí ni bàálù yóò gbéra. Àwọn ènìyàn máa ń dágbére fún ẹbí ní ọjọ́ Ẹtì, wọn á ṣe àdúrà, wọn á jẹun alẹ́, wọn á wá gbéra lọ sí Ìkẹjà, nígbà tí bàálù wọn ti balẹ̀ láti àárọ̀. Mo ti rí ẹni tí omi bọ́ lójú rẹ̀ lórí èyí. Láti ìgbà náà, tí mo bá ta tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀gànjọ́ òru fún ènìyàn, èmi fúnra mi ni mo ń fi bírò pupa kọ ọjọ́ tí yóò kúrò nílé sí etí rẹ̀, màá sì ní kí ó kà á jáde sí mi létí.

Ó ku ojú ilẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ gan-an.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé pápákọ̀ Murtala Muhammed kò jìnnà sí 100 kìlómítà lójú títì. Bàálù yóò fi ìṣẹ́jú méje rìn ín. Àwa ń gba Ṣágámù, a ń bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a ń kọjá Mọ́wé àti Ìbàfò, a ń dé Bẹ́ẹ́jà. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀nà bá dá, wákàtí méjì. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò bá ń wọ́ lọ sí Redemption, tàbí ní ọjọ́ tí tírélà kan bá dùbúlẹ̀ sójú títì, ta ni ó lè búra? Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ẹni tí bàálù rẹ̀ yóò gbéra lọ sí Àbújá ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí a ka wákàtí rẹ̀: wákàtí mẹ́ta fún ọ̀nà, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀; wákàtí kan àti ààbọ̀ fún ìwọlé, ìwọn ẹrù àti àyẹ̀wò; wákàtí kan àti díẹ̀ lókè; ìdajì wákàtí fún ẹrù; lẹ́yìn náà bíi 40 kìlómítà tí ó wà láàárín pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe àti ìgboro Àbújá. Ó tó wákàtí méje. Nínú méje yẹn, ọ̀kan péré ni fóònù sọ fún un.

Bí pápákọ̀ bá sì yí padà, gbogbo rẹ̀ yóò yí padà. Ní ọdún 2017, láti ọjọ́ 8 oṣù kẹta, wọ́n ti pápákọ̀ Àbújá pa fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tún ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà lé ṣe, Kàdúná ni wọ́n sì ní kí àwọn bàálù máa lọ. Lójú òfurufú, ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti Èkó. Lójú títì, wákàtí bíi méjì tàbí mẹ́ta ni èrò tún ń lò nínú ọkọ̀ láti Kàdúná padà wá sí Àbújá.

Ẹ wá jẹ́ kí a yí ìṣirò náà padà sí ọ̀dọ̀ tiwa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Láti ibẹ̀, Àbújá fi nǹkan bí 50 kìlómítà sún mọ́ wa ju láti Ìkẹjà lọ. Ẹ fi 850 pín 50. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ẹni tí ó bá wo ìwé nìkan yóò ní kò sí èrè kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bá gba ọ̀nà Bẹ́níì sí apá Ìlíṣàn, kò tó wákàtí kan, a kò sì ní rí Mọ́wé, a kò ní rí Bẹ́ẹ́jà. Lókè, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nílẹ̀, wákàtí kan sí méjì ni a ó jèrè ní lílọ, bẹ́ẹ̀ náà ní bíbọ̀. Nígbà tí àwọn kan bá ń bi mí pé kí ni a fẹ́ fi pápákọ̀ ṣe ní Rẹ́mọ nígbà tí ti Ìkẹjà kò jìnnà, ìṣirò yìí ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ó dùn mọ́ mi nínú pé wọ́n kọ́ ọ, mo sì fẹ́ kí àwa tí ó wà nítòsí máa béèrè bàálù láti ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, títí kan èmi, nítorí ibi tí èrò bá wà ni bàálù ń bà sí.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan papọ̀ fún àwọn ọmọ wa tí ń bọ̀ wá sílé fún Ojúde Ọba. Ọmọ kan wà ní New York. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ télọ̀ níbí, kò tíì wọ̀ ọ́ wò. Tí ó bá gba bàálù tààrà tí ó gbéra ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi wákàtí mẹ́wàá àti ààbọ̀ lé e: aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, mọ́jú Ọjọ́rú. Títẹ páásípọ́ọ̀tù àti ìdúró de ẹrù, wákàtí méjì. Yóò bọ́ sí títì nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ọ̀nà ṣófo, yóò wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀.

Tí ó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì tí ó gba Lọ́ńdọ̀nù dínwó, ẹ jẹ́ kí a ka ìyẹn náà. Ọ̀nà tirẹ̀ á di 5,500 àti 5,000, ìyẹn 10,500 dípò 8,400. Wákàtí méje, ìdúró wákàtí mẹ́ta ní Heathrow, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 23: ó lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógún. Tí ó bá gbéra ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, yóò balẹ̀ ní Ìkẹjà ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò jáde ní aago márùn-ún ààbọ̀, yóò sì kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ láti Bẹ́ẹ́jà lọ. Aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́ ni kí ẹ máa retí rẹ̀. Ìdúró wákàtí mẹ́ta yẹn sì ni kí ó kéré jù o. Ẹni tí ó bá ra ti wákàtí kan nítorí pé ó dínwó, ìdádúró ìṣẹ́jú díẹ̀ ní New York ti tó láti mú kí bàálù kejì fi í sílẹ̀. Bí mo bá jẹ́ òbí ọmọ náà, màá ní kí ó gbéra ní ọjọ́ méjì ṣáájú Iléyá, kí télọ̀ lè rí àyè tún apá aṣọ náà ṣe.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ti ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀, kí ó mú un wá sí ìdí tábìlì yìí kí a jọ kà á. Mo ní bírò pupa lọ́wọ́.